Èsì ilé àlejò wa sí oníbàárà tó ní òjò ba ìsinmi òun jẹ́ ní Ifẹ̀

Ẹ ṣeun, ọ̀gá wa, tí ẹ ráyè kọ̀wé. A ti rí ìràwọ̀ kan tí ẹ fún wa.

Ẹ ní kò sí ohun téèyàn lè ṣe ní Ifẹ̀ bí òjò bá ń rọ̀, ẹ ní ọmọ wa tó ń mú àlejò kiri kọ̀ láti gbé yín lọ sí Olúmirìn, omi tó ń já bọ́ láti orí àpáta nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ẹ ní oúnjẹ wa kò dùn. Ẹ ò kọ ọ́ pé nígbà tí ẹ pè láti gba yàrá, ẹni tó gbé fóònù kìlọ̀ fún yín pé oṣù Keje nìyí, kí ẹ mú agboòjò àti bàtà tó ṣeé rin ẹrẹ̀ dání. Bàtà funfun lẹ wọ̀ dé. Àwa kọ́ la ń rọ òjò o.

Lọ́sàn-án Jimọ́ọ̀ ọjọ́ 11 tí ẹ dé, ọmọ wa ti ń dúró dè yín pẹ̀lú mọ́tò. Ó ní kí ẹ jẹ́ kí òun gbé yín lọ sí mùsíọ́mù ní Ẹnuwá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin, níbi tí òrùlé wà. Ẹ ní ẹ ò wá Ifẹ̀ wá wo ère. Ó dáa. Lára àwọn orí idẹ tí wọ́n wú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ lọ́dún 1938, ọ̀kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn èèyàn sì ń wọ bàálù lọ wò ó.

Ẹrẹ̀ tí ẹ tún ń ráhùn nípa rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ bínú sí i. Ìtàn wa sọ pé ẹrẹ̀ ta sí Ọọ̀ni Lúwo láṣọ, obìnrin ni, ló bá ní kí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ ojú ọ̀nà. Àpáàdì ọ̀hún, tí wọ́n to ní ìdúró, ṣì wà nílẹ̀ ní Ìta Yemòó. Nígbà tí ọmọ wa dúró níbẹ̀, ẹ ò sọ̀ kalẹ̀. Kábíyèsí bínú, ó tún ìlú ṣe. Ẹ̀yin bínú, ẹ fún wa ní ìràwọ̀ kan.

Ti Olúmirìn ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa fetí sí dáadáa. Òjò rọ̀ mọ́jú Sátidé. Ìpele méje ni omi yẹn ní, ẹsẹ̀ lèèyàn sì fi ń gùn ún. Bí òjò bá ti rọ̀ báyẹn, àpáta á máa yọ̀ bí ilá, omi á sì máa fi agbára wá. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni ọmọ wa, ó mọ ibẹ̀. Ó ní òun ò gbé àlejò gùn ún lọ́jọ́ náà, mo sì tì í lẹ́yìn. A dá owó ọkọ̀ yín padà kí ẹ tó jẹun ọ̀sán. Ìyẹn náà ò sí nínú ohun tí ẹ kọ.

Tọkọtaya tó wà ní yàrá tó kọjú sí tiyín, òjò kan náà ló rọ̀ lé wọn lórí. Wọ́n ra àgbàdo sísun, wọ́n lọ sí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, wọ́n jókòó sábẹ́ àwọn ilé Humanities, tí àjà òkè wọn yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Torí oòrùn àti òjò ni Arieh Sharon, ayàwòrán ilé ará Ísírẹ́lì, ṣe yàwòrán wọn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín wọlé nírọ̀lẹ́. Ẹ̀yin wà níwájú tẹlifíṣọ̀n.

Síbẹ̀, a kì í bá oníbàárà jà. Bí ẹ bá padà wá láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, ìdajì owó la ó gbà fún alẹ́ àkọ́kọ́. Kí ẹ ṣáà pe ìyá ìdáná wa ṣáájú, kó lè mọ iye iṣu tí yóò sè. Iyán alẹ́ Sátidé tí ẹ ní kò dùn yẹn, abọ́ méjì lẹ jẹ, ẹ̀kẹta lẹ sì ń béèrè nígbà tí wọ́n ti fọ odó.