Ìrísí sẹ́ẹ̀lì lẹ pààrọ̀, ẹ ò tíì gé owó inú rẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ìwé owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa ní Kubwa. Ẹ kọ ọ́ pé tí a bá ti fi Python àti openpyxl (irinṣẹ́ Python tó ń kọ fáìlì Excel) kọ number_format = '#,##0.00', ìyẹn àṣẹ bí nọ́ńbà ṣe máa hàn, sí sẹ́ẹ̀lì (àpótí kan nínú ìwé Excel), a ti gé owó náà kù sí náírà àti kọ́bọ̀ tán. Ẹ jọ̀ọ́ sà, kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ojú ń rí nìkan ló yí padà. Iye tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì dúró bó ṣe wà.

Ẹ jẹ́ ká pín ₦10,000 sí ọ̀nà mẹ́ta. Excel á fi 3,333.33 hàn lẹ́ẹ̀mẹta, ṣùgbọ́n SUM, àṣẹ ìròpọ̀ Excel, á gbé 10,000.00 jáde. Ọmọ ẹgbẹ́ tó bá fúnra rẹ̀ ro ó pọ̀ á rí 9,999.99, á sì béèrè ibi tí kọ́bọ̀ kan ti wá. Ẹ fi round(iye, 2) gé e kí ẹ tó kọ ọ́ sínú sẹ́ẹ̀lì, kí ẹgbẹ́ sì pinnu ẹni tí kọ́bọ̀ tó ṣẹ́kù máa kàn.

Nọ́ńbà fóònù náà ńkọ́? Bí pandas (irinṣẹ́ Python tó ń ka dátà) bá ti ka nọ́ńbà tó fi 080 bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iye, òdo iwájú ti lọ nìyẹn, number_format = '@', tó ń sọ sẹ́ẹ̀lì di ti ọ̀rọ̀, kò sì lè dá a padà. Ìgbà tí ẹ bá ń fi pandas ka fáìlì CSV (fáìlì tó ń fi kọ́mà pín dátà) ni kí ẹ ti lo dtype=str, kó lè kà á bí ọ̀rọ̀, kì í ṣe bí iye. Nọ́ńbà àkáǹtì tó fi 0 bẹ̀rẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí ibẹ̀ la máa sanwó àwọn èèyàn sí.