Èsì wa sí oníbàárà tó fún wa ní ìràwọ̀ méjì lórí ìrìnàjò Leeds

Ẹ kú àárọ̀, oníbàárà wa. A dúpẹ́ pé ẹ wá àyè kọ̀wé nípa wa, àwa tí a ń fi ọkọ̀ gbé èrò láti Peckham ní London lọ síbi eré orin.

Ẹ ní ọkọ̀ wa ń rìn bí ìgbín. Ẹ ní a lé ọ̀rẹ́ yín. Ẹ ní a fi yín sílẹ̀ lọ ní Leeds láàárín òru. Ẹ ní awakọ̀ wa fi ariwo fújì dí yín létí láti Peckham títí a fi dé Yorkshire, agbègbè tí Leeds wà. Ẹ wá fi kún un pé, "Elérò òde ìgbéyàwó ni wọ́n, wọn ò mọ nǹkan kan nípa orin indie." Orin onígìtá tí àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké máa ń kọ ni wọ́n ń pè ní indie. Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Ọjọ́ kẹrin rèé tí mo ti ń kà á lákàtúnkà. Èmi tí mo ni ọkọ̀ ni mo ń dáhùn fúnra mi, kì í ṣe àbúrò mi obìnrin tó máa ń dá yín lóhùn lórí WhatsApp, torí pé àwọn mìíràn yóò ka ohun tí ẹ kọ kí wọ́n tó sanwó fún wa, ó sì yẹ kí wọ́n mọ bí ọjọ́ náà ṣe lọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 13 Oṣù Kẹta 2025 ni. Agogo méjì ọ̀sán ni a kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀. Awakọ̀ wa ti wà nídìí ọkọ̀ láti agogo kan ààbọ̀, ó yẹ táyà wò, ó yẹ iná wò, ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé bó ṣe máa ń ṣe. Nígbà tí agogo méjì lù, èrò 13 ti jókòó. Ẹ̀yin ni ẹnì kẹrìnlá. Ẹ dé ní agogo méjì kọjá ìṣẹ́jú 9, ẹ sì mú ọ̀rẹ́ kan dání tí kò san owó ọkọ̀, tí kò sì ní tíkẹ́ẹ̀tì eré. Odidi ìṣẹ́jú 16 ni ẹ fi bá awakọ̀ wa fa ọ̀rọ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀, tí àwọn tó ti jókòó ń wò yín. Ẹ kọ ọ́ pé a pẹ́ kí a tó gbéra. Bẹ́ẹ̀ ni, a pẹ́. Ẹ kò kọ ẹni tí a ń dúró dè.

Ẹ ní àga méjì ṣófo. Òótọ́ ni, àga 16 ló wà nínú ọkọ̀. Ẹ ní ọ̀rẹ́ yín yóò rí tíkẹ́ẹ̀tì rà lọ́wọ́ àwọn tó máa ń tà á lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Ohun tí a kò fi gbé e gan-an nìyẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀, torí mi ò rò pé awakọ̀ rí àyè sọ ọ́ dáadáa.

Láti Peckham sí Brixton kò jìnnà. Ní alẹ́ ọjọ́ 15 Oṣù Kejìlá 2022, tí Asake fẹ́ ṣeré ní Brixton Academy, èèyàn mẹ́fà ni mo gbé lọ síbẹ̀. Gbọ̀ngàn tó ń gba nǹkan bí 4,900 èèyàn ni. Ẹ ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀: èrò rọ́ lu èrò, èèyàn méjì kú, ọ̀kan nínú wọn wà lẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n ti gbọ̀ngàn náà pa, kò ṣí títí di Oṣù Kẹrin 2024. Márùn-ún nínú àwọn èrò mi padà wá bá mi nídìí ọkọ̀. Ẹnì kẹfà, ọmọbìnrin kan, kò gbé fóònù fún nǹkan bí wákàtí kan, èmi ni mo sì ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní gbogbo àkókò yẹn. Ó padà wálé, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹni tí kò bá ní tíkẹ́ẹ̀tì eré lọ́wọ́ kì í wọ ọkọ̀ mi. Asake ni o, ẹgbẹ́ onígìtá ni o, ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn kò mọ irú orin tí wọ́n fẹ́ kọ nínú. Mi ò ní yí òfin yìí padà nítorí ìràwọ̀.

Ó kan ìgbín. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ tó bá ní ju àga èrò mẹ́jọ lọ gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí eré rẹ̀ kọjá ìwọ̀n kan. Máìlì 62 ní wákàtí kan, ó parí. Bí awakọ̀ tẹ ohun tó ń mú ọkọ̀ sáré mọ́lẹ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kan ilẹ̀ ọkọ̀, kò lè kọjá bẹ́ẹ̀. Irú ọkọ̀ wa kò sì gbọdọ̀ wọ ojú ọ̀nà apá ọ̀tún pátápátá lórí márosẹ̀ tó ní ojú ọ̀nà mẹ́ta. Gbogbo ọkọ̀ kéékèèké tí ẹ rí tó ń yà wá sílẹ̀ lórí márosẹ̀ M1, òfin tiwọn yàtọ̀ sí tiwa. Peckham sí Leeds sì sún mọ́ 200 máìlì.

Sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ mú wa kí a tó dé Leicester. Ẹ kọ ọ́ pé awakọ̀ "lọ jẹun fún ìṣẹ́jú 45" nígbà tí ẹ̀yin ń sáré àtidé. Ó jẹun, kí ni kó má jẹun ṣe? Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú 45 yẹn kì í ṣe ti oúnjẹ. Bí awakọ̀ irú ọkọ̀ yìí bá ti wakọ̀ fún wákàtí mẹ́rin ààbọ̀, ó di dandan kó ti sinmi fún ìṣẹ́jú 45, ẹ̀rọ kan sì wà níwájú rẹ̀ tó ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó rí i pé ọ̀nà ti dí, tí a kò ní lè dé láàárín wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ mọ́, ó yà sí Leicester Forest East, ibùdó ìsinmi lẹ́bàá márosẹ̀, ó sinmi. Ohun tí mo kọ́ ọ pé kó máa ṣe nìyẹn.

A dé Leeds ní agogo mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú 15. Ẹgbẹ́ olórin tí ẹ torí wọn wá gun ìtàgé ní agogo mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú 15. Kò sí orin wọn kan ṣoṣo tó bọ́ lọ́wọ́ yín. Ohun tó bọ́ lọ́wọ́ yín ni irin iwájú ìtàgé, mi ò sì ní sọ pé nǹkan kékeré ni. Ẹ sọ fún awakọ̀ wa lọ́nà pé Leeds ni ìlú keje tí ẹ ti tẹ̀lé wọn dé láàárín oṣù kan, pé ní ìlú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà àkọ́kọ́ ẹ̀yin ni ẹ di irin yẹn mú, ẹ ń rí ìka onígìtá bó ṣe ń rìn lórí okùn, àwọn olórin náà sì ti ń dá ojú yín mọ̀. Nígbà tí ó sọ ọ́ fún mi, ó dùn mí fún yín. Mo mọ irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀. Bàbá tó bí mi tẹ̀lé Àyìndé Barrister láti Mushin dé Ìbàdàn, láti Ìbàdàn dé Abẹ́òkúta. Bí ìlù bá ti yí padà, ó ti mọ orin tó ń bọ̀ kí ọkùnrin náà tó la ẹnu. Ìyá mi ní ọkọ òun ní ìyàwó kejì, fújì lorúkọ rẹ̀.

Ẹ wá rí ìdí tí ọ̀rọ̀ "ariwo fújì" fi dun wá. Wákàtí méjì àkọ́kọ́, orin ẹ̀yin èrò ni a fi sí i, ẹ̀yin gan-an ni ẹ ń yàn án lórí fóònù yín, ẹ kò kọ ìyẹn. Lẹ́yìn náà ni awakọ̀ fi tirẹ̀ sí i. Ọmọ ọdún 58 ni, òun ló ń gbé yín kọjá òkùnkùn tí gbogbo yín bá ti sùn, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí orin tó ń jẹ́ kí ojú rẹ̀ là. Ìlú London yìí náà ni Barrister dákẹ́ sí, ní Oṣù Kejìlá 2010. Awakọ̀ wa kò lọ síbi iṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta nígbà náà. Ẹni tó tẹ̀lé olórin kan dé ìlú méje kò yẹ kó pe orin ẹlòmíràn ní ariwo.

Pé a kò mọ nǹkan kan nípa orin indie. Ọdún 2012 ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, ọkọ̀ akẹ́rù àlòkù kan ni mo ní, ìlù àti gìtá àwọn ọmọ àdúgbò ni mo sì ń kó lọ sí Windmill ní Brixton. Ẹ mọ Windmill: ilé ọtí tí kò gbà ju 150 èèyàn lọ, tí ajá máa ń gbó mọ́ èèyàn láti orí òrùlé nígbà náà. Àwọn ọmọ náà kì í lówó lọ́wọ́ kí eré tó parí, nítorí náà mo máa ń dúró. Ìdí ògiri ni mo máa ń wà, èmi nìkan ni mo dàgbà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni orin yẹn ti wọ̀ mí lára. Mo ti gbé èrò dé King Tut's ní Glasgow, tó ń gba 300 péré, níbi tí Alan McGee, ọ̀kan nínú àwọn tó ni ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Creation, ti gbọ́ ẹgbẹ́ Oasis ní ọjọ́ 31 Oṣù Karùn-ún 1993 tó sì gbà wọ́n sílé iṣẹ́ rẹ̀. Mo ti dúró ní Barrowland, ní Glasgow náà, tí pákó ilẹ̀ rẹ̀ ń fò pẹ̀lú ẹsẹ̀ èèyàn torí pé gbọ̀ngàn ijó ni wọ́n kọ́ ọ fún. Awakọ̀ méjì ni mo máa ń rán sí Glasgow, torí 400 máìlì ni àlọ nìkan, ẹnì kan kò gbọdọ̀ dá a wà lọ kó tún wà á bọ̀. Orin náà kò sì jìnnà sí ilé wa bí ẹ ṣe rò. Ta ló ń kọrin fún ẹgbẹ́ TV on the Radio ní Brooklyn, Amẹ́ríkà? Tunde Adebimpe. Ọmọ Yorùbá. Kele Okereke tó ń kọrin fún Bloc Party, Nàìjíríà ni àwọn òbí tirẹ̀ náà ti wá.

Òótọ́ ni pé mò ń gbé èrò òde ìgbéyàwó ní Sátidé. Aṣọ ẹbí, gèlè, kúlà oúnjẹ, gbogbo rẹ̀. Mi ò tijú. Èrò 14 ní 38 pọ́n-ùn jẹ́ 532 pọ́n-ùn. Ẹ yọ owó dísù, ẹ yọ owó awakọ̀, ẹ yọ ìbánigbófò, kí ẹ wá sọ fún mi ohun tó kù. Owó ìgbéyàwó Sátidé ló ń jẹ́ kí ọkọ̀ lè lọ Leeds ní Ọjọ́bọ̀ nítorí ẹgbẹ́ olórin tí kò tíì lókìkí.

Ó wá ku èyí tó wúwo jù. A kọ ọ́ sára tíkẹ́ẹ̀tì, awakọ̀ sì tún kéde rẹ̀ kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀: agogo 11 kọjá ìṣẹ́jú 15 alẹ́ ni ọkọ̀ ń padà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá la sì fi ń dúró de èèyàn. Ẹni 13 wà nínú ọkọ̀. A pè yín ní 11:17, ní 11:21, ní 11:26, ní 11:33. Awakọ̀ fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, ó bá yín lẹ́nu ilẹ̀kùn tí àwọn olórin ń gbà jáde. Ẹ ní ìṣẹ́jú márùn-ún sí i, onílù ń bọ̀ wá fọwọ́ sí ìwé orin, ìwé tí wọ́n to orin alẹ́ ọjọ́ náà sí. Ó padà, ó tún dúró, ó wá pè mí. Mi ò ní fi òfin bojú níbí: òfin ṣì fún un láyè díẹ̀ sí i. Èmi ni mo ní kó máa bọ̀. Nọ́ọ̀sì kan wà nínú ọkọ̀ tí yóò wọṣẹ́ ní agogo méje àárọ̀, bàbá kan sì wà tó fi ọmọ sọ́dọ̀ aládùúgbò. Agogo 11 kọjá ìṣẹ́jú 38 ni ọkọ̀ gbéra, agogo mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú 20 ni wọ́n dé Peckham.

Àbúrò mi kò sùn. Òun ló wá kóòṣì òru fún yín, òun ló júwe ibùdó, ó sì wà lórí fóònù pẹ̀lú yín títí ẹ fi jókòó sínú rẹ̀. Gbogbo ohun tí ẹ kọ, orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀, ọpẹ́ kan kò sí níbẹ̀. Ẹ sì rí ohun tí ẹ dúró dè gbà. Àwòrán ìwé orin náà, tí onílù fọwọ́ sí, ni ẹ fi ṣáájú ẹ̀sùn yín.

Ẹ̀rọ amóoru ẹ̀yìn ọkọ̀ kò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ẹ jàre lórí ìyẹn. A ti tún un ṣe ní ọjọ́ 17.

Láàárọ̀ yìí, mo ti fi ìdajì owó àga yín ránṣẹ́, 19 pọ́n-ùn, àti gbogbo owó kóòṣì tí ẹ san, 22.50. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 41.50, ó ju 38 tí ẹ san fún wa lọ. Mi ò jẹ yín ní gbèsè rẹ̀. Mo san án torí pé mi ò fẹ́ kí ọmọ ẹnikẹ́ni sọ pé òun fi owó ara òun wálé láti inú ìrìnàjò mi.

Ẹgbẹ́ yín yóò wà ní Manchester ní Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 4 Oṣù Kẹrin. Mo ti fi àga kan pamọ́ fún yín, ọ̀fẹ́ ni. Mo ti mú àkókò ìgbéra wá sí agogo 12 ọ̀sán kí ẹ lè tètè dé ẹnu ọ̀nà, kí ẹ sì rí irin iwájú dì mú. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá la ó dúró. Ẹ̀yin nìkan ni kí ẹ wá.