Kí A Tó Ra Fọ́ọ̀mù Máàsításì

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ wá bá mi nílé ní Tanke, ní Ìlọrin, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yá mi lówó, mo fẹ́ ra fọ́ọ̀mù máàsításì." Mo bi í pé iṣẹ́ wo ni ó fẹ́ fi ṣe. Ó ní òun kò tíì mọ̀, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí òun jókòó sílé lọ. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí kò ti kúrò lọ́kàn mi, nítorí ìdáhùn kan náà ni mo fún bàbá mi nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí rẹ̀, mo sì mọ ohun tí ó gbà lọ́wọ́ mi.

Èrò ọkàn mi ni pé máàsításì dára, ó sì lè tún iṣẹ́ ẹni ṣe, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ kà á ti mọ iṣẹ́ tó ń béèrè rẹ̀ kí ó tó san kọ́bọ̀.

Ẹ̀kọ́ ìṣirò owó ni mo kà ní Pólì Ọ̀fà, HND, ìwé ẹ̀rí tó ga jù tí pólì ń fúnni, ni mo sì gbà. Àwa tí a jáde ní pólì mọ ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀: fún ọ̀pọ̀ ọdún, nínú iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ìpele 14 ni wọ́n ti máa ń dá ẹni tó ní HND dúró, nígbà tí akẹgbẹ́ rẹ̀ tó jáde ní yunifásítì ń gòkè lọ. Ìdí nìyẹn tí púpọ̀ nínú wa fi ń sáré wá máàsításì, bẹ́ẹ̀ a kò lè wọ̀ ọ́ tààrà, àfi kí a kọ́kọ́ ṣe PGD, ẹ̀kọ́ tó wà láàárín HND àti máàsításì. Mo ṣe PGD, mo wọ máàsításì tí wọ́n ní oṣù 18 ni yóò gbà, ó sì gbà mí ní ọdún mẹ́rin ó dín díẹ̀. Orí kejì iṣẹ́ ìwádìí mi nìkan wà lọ́wọ́ alábòójútó mi fún oṣù méje. Ọ̀fà ni mò ń gbé nígbà náà. N óò jí ní ìdájí, n óò gba Àjàṣẹ́-Ìpo wọ Ìlọrin, n óò jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì wọn títí di ọ̀sán kí n tó gbọ́ pé wọn kò ní wá lọ́jọ́ náà. Mo ń sọ èyí kí ẹni tó ń ṣírò owó iléèwé lè ka owó ọkọ̀ àti ọdún orí rẹ̀ mọ́ ọn.

Nígbà tí mo parí, mo kọ̀wé wáṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ àwọn ọ́dítọ̀ kan. Wọn kò bi mí ní ìbéèrè kankan nípa iṣẹ́ ìwádìí tí mo fi ọdún mẹ́rin ṣe. ICAN ni wọ́n béèrè, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò owó tí òfin ti gbé kalẹ̀ láti ọdún 1965, n kò sì tíì jókòó ṣe ẹyọ ìdánwò wọn kan. Ó dùn mí gan-an. Bí mo bá ti lọ bi ẹnìkan tó wà lẹ́nu iṣẹ́ náà léèrè ni, ICAN ni ǹ bá kọ́kọ́ ṣe, n óò sì ti máa jẹun nídìí iṣẹ́ kí n tó padà sí kíláàsì. Síbẹ̀, n kò ní purọ́ mọ́ máàsításì náà: òun ló kọ́ mi bí a ti ń ka ìwé ìṣirò ilé iṣẹ́ kan tí a óò fi rí ohun tí wọn kò kọ síbẹ̀.

Fún ẹni tó fẹ́ ṣe olùkọ́ ní yunifásítì, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀ pátápátá, nítorí kò sí bí yóò ti yẹ máàsításì sílẹ̀, PhD, oyè tó ga ju máàsításì lọ, sì tún ń dúró dè é níwájú. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ sì kíyè sí i pé M.Sc. (máàsításì ti ìmọ̀ àti ìwádìí) àti MBA (máàsításì ti ìṣàkóso òwò) kì í ṣe ọ̀kan náà, torí pé ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, ẹni tó gba MBA kì í lè ti ibẹ̀ wọ PhD tààrà.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ní agbègbè wa ni pé iléèwé ti sún mọ́ wa jù láti rò ó dáadáa. Nígbà tí Yunifásítì Ìlọrin bẹ̀rẹ̀ ní 1975, abẹ́ Yunifásítì Ìbàdàn ló wà. Lónìí, Al-Hikmah wà nílùú, yunifásítì ìpínlẹ̀ Kwara wà ní Malete láti 2009, Landmark sì wà ní Òmù-Àrán láti 2011. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò ríṣẹ́ yóò kàn wọ ọkọ̀ lọ síbi tó súnmọ́ ọn jù, owó tí ìyá rẹ̀ ìbá fi kún ọjà ni yóò sì fi sanwó.

N kò tíì fún àbúrò mi lówó náà. Mo ní kí ó wá ènìyàn méjì tó ń ṣe irú iṣẹ́ tó wù ú, kí ó bi wọ́n pé kí ni wọ́n fi wọlé, kí ni wọ́n sì fi gba ìgbéga. Ó ti rí ẹnìkan ní Ọ̀fà. Ọjọ́ Sátidé ni yóò rí ìkejì, fọ́ọ̀mù náà kò sì tíì parí títà.