Ẹ yéé sọ fún ọmọ tó sorí kọ́ pé kó ṣáà lọ sáré

"Dìde ńbẹ̀ jàre, lọ sáré díẹ̀, ara rẹ á yá." Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Akẹ́kọ̀ọ́ á sorí kọ́, kò ní lè kàwé, kò ní lè sùn, ohun tí gbogbo wa á rí sọ fún un nìyẹn. Kì í ṣe pé irọ́ ni o. Ààbọ̀ òótọ́ ni.

Lọ́dún 1999, James Blumenthal àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Duke, l'Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí kan jáde lórí èèyàn 156 tí àìsàn ìsoríkọ́ ń bá fínra. Àwọn kan ń lo oògùn, àwọn kan ń ṣe eré ìdárayá lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, àwọn yòókù ń ṣe méjèèjì pọ̀. Oògùn ló kọ́kọ́ yára ṣiṣẹ́, àmọ́ kí ọ̀sẹ̀ 16 tó pé, eré ìdárayá ti lé e bá. Ẹni àádọ́ta ọdún sókè ni wọ́n, wọn kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́, mi ò ní fi tiwọn tàn yín. Ohun tó jẹ́ kí n mẹ́nu bà á ni pé kò sẹ́ni tó lé wọn síta pé kí wọ́n lọ dá sáré. Wọ́n jọ ń pàdé ni, ẹni tó ń bójú tó wọn sì wà níbẹ̀ tó ń retí wọn.

Ibẹ̀ gan-an la máa ń fò.

Ẹ wo àwọn méjì tó jọ ń gbé yàrá kan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Èkínní, ọlọ́yàyà ni. Bí èsì ìdánwò bá burú, á bú lẹ́kítọ̀ dáadáa, á ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, ó di ìdí mọ́ńkì póòsì. Á sáré títí tí kò fi ní lè sọ gbólóhùn kan tán láì mí hẹlẹ (bí wọ́n ṣe ń dá eré tó le mọ̀ nìyẹn), á padà dé, á wẹ̀, á rẹ gààrí. Èkejì, onítìjú, aláròjinlẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí lẹ́kítọ̀ sọ sí i lójú kíláàsì lọ́jọ́ Mọ́ńdè á ṣì máa jẹ ẹ́ lọ́kàn di Fúráìdè. Hans Eysenck, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, àtàwọn onímọ̀ mìíràn ti kọ̀wé púpọ̀ lórí irú àbùdá yìí, kí nǹkan máa tètè dun èèyàn kó sì pẹ́ lọ́kàn rẹ̀, ìwádìí lóríṣiríṣi sì fi hàn pé ẹni tó bá ní in ni ìsoríkọ́ máa ń tètè mú. Àwọn àgbà ti rí i tipẹ́: àròkàn ní í mú ẹkún àsun-ùn-dá wá.

Ẹni tó nílò pápá jù yìí náà ni pápá ń bà lẹ́rù jù. Á máa sọ lọ́kàn pé: Wọ́n á máa wò mí. Mi ò mọ bọ́ọ̀lù gbá. Ikùn mi ńkọ́? Bó bá tún jẹ́ obìnrin, ẹ fi súfèé àwọn ọkùnrin ẹ̀bá ọ̀nà kún un. Torí náà, bí wọ́n bá ní àwọn tó ń ṣeré ìdárayá kì í fi bẹ́ẹ̀ sorí kọ́, èmi a máa bi wọ́n pé: ṣé eré ló lé ìsoríkọ́ lọ ni, àbí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti fúyẹ́ tẹ́lẹ̀ ló lè jáde lọ ṣeré? Lójú tèmi, méjèèjì ló wà níbẹ̀.

Èyí tó wù mí ni tàwọn tó máa ń sáré láàárọ̀ Sátidé n'Ìbàdàn àti l'Ékòó. Fèrè lẹ́nu ẹni tó síwájú, orin lẹ́nu àwọn yòókù, àtẹ́wọ́ ń dún. Ẹni tó bá ti rẹ̀ á máa rìn bọ̀ lẹ́yìn, á ṣì máa gbe orin. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa ṣe eré tó mọ níwọ̀n fún ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, lọ́sẹ̀, tàbí 75 bó bá jẹ́ èyí tó le. Eré tó le, ìṣẹ́jú 25 lẹ́ẹ̀mẹta ni. Ìyẹn ò pọ̀ jù bí ẹnì kan bá wá kanlẹ̀kùn.

Ẹni tí kò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́, tàbí tó ń sọ̀rọ̀ ikú, tirẹ̀ ti kọjá eré sísá. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Nígbà tí Dókítà Adéoyè Lámbò, oníṣègùn ọpọlọ, ń ṣètọ́jú ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Arò, l'Abẹ́òkúta, láwọn ọdún 1950, àárín ará abúlé ló fi àwọn aláìsàn sí, ẹbí wọn sì ń bá wọn gbé. Òun náà ò fi wọ́n sílẹ̀ ní àwọn nìkan.

Ìdíje láàárín fákọ́tì, àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe nìkan ni wọ́n ń mú. Kí àwọn aláṣẹ yunifásítì yọ̀ǹda pápá nírọ̀lẹ́ méjì lọ́sẹ̀ fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan ṣe, láìsí ìdíje, láìsí ife ẹ̀yẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń du ipò ní ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dún yìí, ẹ fi ìyẹn sínú ìlérí yín, ẹ wá gba ìbò mi.