Gbígba Pátẹ́ǹtì Kì í Ṣe Ẹ̀rí Pé Ẹ̀rọ Kan Jẹ́ Tuntun

Láti ṣọ́ọ̀bù àwọn oníríwáyà ní Ajílósùn títí dé ọgbà Pólì Ìjọba Àpapọ̀ ní Adó-Èkìtì, ìgbàgbọ́ kan wà tí àwọn ènìyàn kì í bi ara wọn léèrè nípa rẹ̀ mọ́. Wọ́n gbà pé bí ẹnì kan bá ti gba pátẹ́ǹtì, èyíinì ni ìwé ìjọba tí ń fún ẹni tí ó hùmọ̀ nǹkan ní ẹ̀tọ́ àdáni lé e lórí, lórí ẹ̀rọ tí ó ṣe, a jẹ́ pé àwọn onímọ̀ ìjọba ní Àbújá ti yẹ ẹ̀rọ náà wò tinú-tòde, wọ́n ti rí i pé ó ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì ti wá gbogbo ayé kiri títí ó fi dá wọn lójú pé kò sí ẹni tí ó ṣe irú rẹ̀ rí. Nítorí ìgbàgbọ́ yìí, ènìyàn lè kó owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lé iṣẹ́ ọ̀dọ́ kan kìkì nítorí pé ọ̀dọ́ náà ní ìwé tí a tẹ òǹtẹ̀ lù, ọ̀dọ́ náà pàápàá á sì fọkàn balẹ̀ bí ẹni pé ohun tó le jù ti kọjá. Kò rí bẹ́ẹ̀, ìpalára tí ìgbàgbọ́ náà ń ṣe kò sì kéré. Mo fẹ́ tọ́ka sí ohun tí òfin sọ gan-an, kí n sì fi ẹ̀rọ kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ ṣàlàyé rẹ̀, èyíinì ni ẹ̀rọ tí ń fi iná bátìrì gbé búùtù jìípù sókè tí ó sì ń pa á dé padà.

Òfin tí ó ń darí ọ̀rọ̀ yìí ní Nàìjíríà ni èyí tí a mọ̀ sí Patents and Designs Act, tí ìjọba ológun ṣe ní ọdún 1970, tí ó sì wà nínú àkójọ òfin orílẹ̀-èdè yìí ti ọdún 2004. Abala kìíní rẹ̀ sọ pé ohun tí a fẹ́ gba pátẹ́ǹtì lé lórí gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun, kí ó jẹ́ èso ìhùmọ̀ tòótọ́, kí ó sì ṣeé lò fún iṣẹ́ ọwọ́ tàbí ti ilé-iṣẹ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kà dé nìyẹn. Abala kẹrin ni ó yẹ kí wọ́n kà, nítorí ibẹ̀ ni òfin ti sọ irú àyẹ̀wò tí ọ̀gá ìforúkọsílẹ̀ yóò ṣe. Yóò wò bóyá orúkọ àti àdírẹ́sì olùbéèrè wà níbẹ̀, bóyá àpèjúwe ẹ̀rọ àti àwọn gbólóhùn tí ń sọ ibi tí ẹ̀tọ́ náà mọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwòrán tí ó bá yẹ, bóyá owó ti wọlé, bóyá àwọn ìwé tí ó yẹ kí a buwọ́ lù pé. Bí gbogbo wọn bá pé, òfin ní kí ó fún un ní pátẹ́ǹtì láìṣe àyẹ̀wò mìíràn, ó sì dárúkọ àwọn ohun tí kò ní yẹ̀ wò: bóyá ohun náà tilẹ̀ tó ohun tí à ń gba pátẹ́ǹtì lé lórí, bóyá àpèjúwe rẹ̀ kún tó kí oníṣẹ́ mìíràn lè fi ṣe é, àti bóyá ẹnì kan ti béèrè pátẹ́ǹtì tàbí ti gbà á lórí ohun kan náà ní Nàìjíríà yìí ṣáájú.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró lórí èyí tó kẹ́yìn yẹn. Ó túmọ̀ sí pé ènìyàn méjì lè gba ìwé lórí ẹ̀rọ búùtù kan náà, kí ọ̀kan wà ní Kánò, kí èkejì wà ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, láìjẹ́ pé òṣìṣẹ́ ìjọba kankan ṣẹ̀ sí òfin. Abala náà sì sọ ọ́ láìfi bò pé ẹni tí ó gba pátẹ́ǹtì ni yóò ru ewu rẹ̀, ìjọba kò ṣe onídùúró fún un pé ó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Mi ò mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe lè ṣe kedere ju bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ gbólóhùn yìí kì í dé etí àwọn tí ó yẹ kó dé.

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ni ó ń lo irú ètò yìí, n kò sì ní pè é ní ètò burúkú. Láti wá ohun tí gbogbo ayé ti ṣe rí, ó gba owó púpọ̀ àti ọ̀pọ̀ onímọ̀, nítorí náà òfin yàn láti forúkọ ohun gbogbo sílẹ̀ kí ilé-ẹjọ́ sì yanjú rẹ̀ bí ìjà bá dé. Ohun tí ètò bẹ́ẹ̀ lè gbà wọlé hàn sí gbogbo ayé ní ọdún 2001, nígbà tí agbẹjọ́rò kan ní Melbourne, ní Ọsirélíà, béèrè irú pátẹ́ǹtì kan tí wọn kì í yẹ̀ wò jinlẹ̀ kí wọ́n tó fúnni, tí wọ́n sì fún un. Ohun tí ó kọ síbẹ̀ pé òun hùmọ̀ ni àgbá kẹ̀kẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè ńláńlá ni ó fi ṣàpèjúwe rẹ̀. Ńṣe ni ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ kí àwọn ènìyàn lè rí ohun tí ìwé bẹ́ẹ̀ jẹ́ àti ohun tí kò jẹ́.

Kí a wá wo ẹ̀rọ búùtù náà fúnra rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ jìípù òde òní, ohun tí ó dà bíi ṣọ́ọ̀kì lásán ní ẹ̀gbẹ́ búùtù kì í ṣe ṣọ́ọ̀kì afẹ́fẹ́ mọ́. Mọ́tọ̀ kékeré tí ń lo iná wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú eyín jíà tí ń dín eré mọ́tọ̀ náà kù kí agbára rẹ̀ lè pọ̀ sí i. Jíà yìí ń yí skúrù gígùn kan, nọ́ọ̀tì tí ó wà lára skúrù náà sì ń rìn lọ rìn bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pá náà ṣe ń gùn tí ó sì ń kúrú. Sípíríǹgì líle kan yí wọn ká, òun ni ó ń bá mọ́tọ̀ gbé ìwúwo ìlẹ̀kùn. Sẹ́ńsọ̀ tí ń lo agbára òòfà ń ka iye ìgbà tí mọ́tọ̀ yí, kọ̀ǹpútà kékeré inú ọkọ̀ sì ń tipa bẹ́ẹ̀ mọ ibi tí búùtù dé. Bí ọwọ́ ọmọdé tàbí àpò gàrí bá wà lọ́nà nígbà tí búùtù ń padà bọ̀ wálẹ̀, eré mọ́tọ̀ yóò dín kù, iná tí ó ń fà yóò sì pọ̀ sí i lójijì. Kọ̀ǹpútà yóò rí i, yóò dá a dúró, yóò sì dá a padà sókè. Ìdènà kan tún wà tí kì í jẹ́ kí búùtù já lu ènìyàn bí iná bá kúrò lára mọ́tọ̀, síbẹ̀ tí kò le débi pé ènìyàn kò ní lè fi ọwọ́ tì í. Ọgbọ́n pọ̀ nínú rẹ̀, mo sì bọ̀wọ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá tú u palẹ̀ tí ó sì tò ó padà.

Ṣùgbọ́n kí a sọ pé ọ̀dọ́ kan ní Adó kọ ọ́ sínú ìwé pé ohun tí òun nìkan ni ni ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ tí ó ní mọ́tọ̀, skúrù àti nọ́ọ̀tì, sípíríǹgì tí ó yí wọn ká, àti sẹ́ńsọ̀ tí ń dá ìlẹ̀kùn padà bí ó bá kan nǹkan. Ní Àbújá, bí owó bá pé tí ìwé sì pé, yóò gba pátẹ́ǹtì. Bí ó bá gbé ìwé kan náà lọ sí Ilé-Iṣẹ́ Pátẹ́ǹtì ti Yúróòpù, tí olú-ìlé rẹ̀ wà ní Munich ní Jámánì, ọ̀rọ̀ yóò yàtọ̀ pátápátá. Olùyẹ̀wò ibẹ̀ yóò tú gbólóhùn náà sí wẹ́wẹ́, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú àwọn ìwé àtijọ́. Kò ní ṣòro fún un láti mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, nítorí nínú ìpín tí àwọn ilé-iṣẹ́ pátẹ́ǹtì ń lò jákèjádò ayé, abẹ́ E05F 15 ni àwọn ẹ̀rọ tí ń fi agbára ṣí ìlẹ̀kùn àti fèrèsé wà. E05F 15/622 ni ti àwọn tí ń lo skúrù àti nọ́ọ̀tì, E05F 15/40 sì ni ti àwọn ohun ààbò tí ń mọ̀ bí nǹkan bá dí ìlẹ̀kùn lọ́nà.

Bí ó bá rí ìwé kan ṣoṣo tí gbogbo ẹyọ náà pé sínú rẹ̀, yóò kọ lẹ́tà X síwájú rẹ̀ nínú àbọ̀ ìwádìí, a sì jẹ́ pé ohun náà kì í ṣe tuntun. Bí ó bá rí ìwé kan tí ó ní mọ́tọ̀, skúrù àti sípíríǹgì, tí ó sì rí òmíràn, bóyá lórí gíláàsì fèrèsé ọkọ̀, tí ó ti ṣàlàyé bí sẹ́ńsọ̀ ṣe ń dá gíláàsì padà kí ó má baà gé ọwọ́, lẹ́tà Y ni yóò kọ síwájú àwọn méjèèjì. Ìbéèrè tí yóò wá béèrè ni pé: oníṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níwọ̀ntúnwọ̀nsì, tí ó sì ń wá bí búùtù kò ṣe ní pa ènìyàn lára, ṣé ìwé kejì yìí kò ní mú un ronú láti gbé sẹ́ńsọ̀ náà wá síbí? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kò sí ìhùmọ̀ níbẹ̀, bí ó ti wù kí iṣẹ́ náà rẹwà tó. Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Amẹ́ríkà dájọ́ tí ó sún mọ́ èyí ní ọdún 2007 nínú ẹjọ́ KSR àti Teleflex, lórí pẹ́dà ọkọ̀ tí ó ṣeé sún síwá sẹ́yìn tí a so sẹ́ńsọ̀ mọ́. Pẹ́dà bẹ́ẹ̀ ti wà, sẹ́ńsọ̀ ti wà, síso wọn pọ̀ kò sì mú ohun tí oníṣẹ́ kò lè retí jáde. Àwọn adájọ́ náà fẹnu kò pé gbólóhùn ẹ̀tọ́ tí wọ́n ń jà lé lórí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ohun tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí máa ń ṣe bí àbọ̀ ìwádìí bá gbé X tàbí Y wá ni pé wọ́n á dín ẹ̀tọ́ tí wọ́n béèrè kù. Wọ́n á fi skúrù àti sẹ́ńsọ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé, wọ́n á sì di ohun kékeré kan mú tí ó jẹ́ tiwọn lóòótọ́, bí àpẹẹrẹ bí ìdènà inú ọ̀pá náà ṣe ń di skúrù mú nígbà tí mọ́tọ̀ bá dúró. Wọn kò sì lè fi ohun tí kò sí nínú ìwé ìbẹ̀rẹ̀ kún un mọ́. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ wa pé kí wọ́n kọ gbogbo kúlẹ̀kúlẹ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀ láti ọjọ́ kìíní.

Apá kan ìgbàgbọ́ náà ṣì kù, èyí tí ó sọ pé àyẹ̀wò pátẹ́ǹtì ń fi hàn pé ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ní Yúróòpù pàápàá, kò sí ẹni tí ń wa jìípù lọ sí Munich kí olùyẹ̀wò lè ti ọwọ́ bọ búùtù. Ìwé àti àwòrán ni wọ́n ń kà. Bí mọ́tọ̀ náà yóò bá jóná lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, tàbí bí sẹ́ńsọ̀ náà yóò bá kùnà láti mọ ìka ọmọ kékeré, pátẹ́ǹtì kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ààbò àti ìjójúlówó ọjà, ọ̀dọ̀ àjọ SON (Standards Organisation of Nigeria) ni ó wà lọ́dọ̀ tiwa.

Àwọn kan á ní, ṣebí ìwé ni ìwé. Ẹni tí ó bá ti rìn lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní Èkìtì mọ̀ pé ènìyàn lè ní rìsíìtì àti ìwé sọ́fè lọ́wọ́, kí ilé-ẹjọ́ sì tún sọ pé kì í ṣe òun ló ni ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni abala kẹsàn-án òfin 1970 ṣe fi àyè sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti lọ sí Ilé-Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀, kí ó sì fi hàn pé ohun tí a gba pátẹ́ǹtì lé lórí kì í ṣe tuntun. Bí ó bá fi ìwé ilẹ̀ Jápáànì kan tí ó ti jáde ṣáájú gbe ẹ̀rí rẹ̀ lẹ́sẹ̀, pátẹ́ǹtì náà yóò di òfo láti ọjọ́ tí wọ́n ti fúnni. Ẹni tí ó fi owó rẹ̀ lé e kò ní rí ẹnikẹ́ni mú.

Àṣìṣe mìíràn tí ìgbàgbọ́ yìí ń bí ni ti àfihàn. Òfin wa ka ohunkóhun tí ó ti hàn sí gbogbo ènìyàn, níbikíbi láyé, nígbàkigbà, sí ohun tí kì í ṣe tuntun mọ́. Àyè tí ó fi sílẹ̀ kò fẹ̀: ìpàtẹ àgbáyé tí ìjọba fọwọ́ sí, kí ìbéèrè sì wọlé láàárín oṣù mẹ́fà sí i. Àfihàn iṣẹ́ àṣejáde ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ kan kì í ṣe ìpàtẹ àgbáyé, fídíò orí Facebook náà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ́ tí ó ti ṣe àfihàn kí ó tó béèrè yóò ṣì rí ìwé gbà ní Àbújá, nítorí wọn kò ní bi í; ọjọ́ tí ẹnì kan bá gbé e lọ sí kóòtù ni fídíò tirẹ̀ yóò jẹ́rìí takò ó.

Nítorí náà, ẹni tí a bá fi pátẹ́ǹtì hàn, kí ó má béèrè bóyá wọ́n ti fọwọ́ sí i. Kí ó béèrè ẹni tí ó wá ohun àtijọ́ kiri, inú ìpín wo ni ó ti wá a, kí ni ó sì rí. Espacenet, tí Ilé-Iṣẹ́ Pátẹ́ǹtì ti Yúróòpù ṣí sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní ìwé pátẹ́ǹtì tí ó ju mílíọ̀nù 100 lọ, fóònù sì tó láti wọ ibẹ̀. Kí ó tún béèrè bóyá wọ́n ń san owó ọdọọdún, nítorí 20 ọdún ni pátẹ́ǹtì lè gbé ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n bí owó ọdún kan bá kọjá láìsan, tí oṣù mẹ́fà àforíjì sì tún kọjá, ó ti parí nìyẹn.

Ìwádìí náà ní èrè mìíràn tí àwọn oníṣẹ́ wa kò tíì jẹ tó. Orílẹ̀-èdè tí a ti gba pátẹ́ǹtì nìkan ni agbára rẹ̀ mọ. Bí ilé-iṣẹ́ ńlá kan bá ti ṣàlàyé ẹ̀rọ búùtù rẹ̀ tán nínú ìwé tí ó jáde ní Jámánì tàbí Amẹ́ríkà, tí kò sì béèrè ẹ̀tọ́ lé e lórí ní Nàìjíríà títí àkókò fi kọjá, ẹ̀rọ náà kì í ṣe tuntun mọ́, kò sí ẹni tí ó lè fi ẹ̀tọ́ tó dúró dè é mọ́lẹ̀ níbí. Oníríwáyà tí ó bá ti yẹ ìwé ìforúkọsílẹ̀ Àbújá wò tí kò rí i níbẹ̀ lè ṣe é ní Adó, kí ó sì tà á dé Sókótó. Àwọn orílẹ̀-èdè tí pátẹ́ǹtì náà ṣì ń ṣiṣẹ́ ni kò gbọdọ̀ kó o lọ.