Máìlì kékeré kọ́ ló ń sọ ọkọ̀ di tuntun o

Ẹni tó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ ní Àkúrẹ́ níbí, ìbéèrè kìíní tó máa jáde lẹ́nu ẹ̀ ni "máìlì mélòó ló ti rìn?" Tí ajẹ́ńtì bá ti ní 60,000 péré, ó tán, ojú oníbàárà á ti máa dán, á ti máa pe ìyàwó lórí fóònù pé òun ti rí i. Mi ò fi wọ́n rẹ́rìn-ín o, èmi náà ti ṣe é rí. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà yẹn wà lára ohun tó rọrùn jù láti yí padà nínú ọkọ̀.

Láyé ìgbà tó jẹ́ kẹ̀kẹ́ wẹ́wẹ́ ló ń yí nọ́ńbà náà, wọ́n á kọ́kọ́ tú dáṣíbọ́ọ̀dù ná. Nísinsìnyí irinṣẹ́ kékeré kan báyìí ni, wọ́n á kì í bọ ihò tó wà lábẹ́ sítíà, ihò tí àwọn rìwáyà máa ń ki síkáànù bọ̀ yẹn, kí ẹ tó mu omi inú pọ́ọ̀ wọ́tà tán 190,000 ti di 61,000. Ẹ má sì rò pé Nàìjíríà nìkan ni wọ́n ti ń ṣe é. Ní Amẹ́ríkà tí àwọn ọkọ̀ yìí ti ń bọ̀, NHTSA, àjọ ìjọba wọn tó ń rí sí ààbò ojú títì, fojú bù ú pé ọkọ̀ tó lé ní 450,000 ni wọ́n ń tà lọ́dọọdún pẹ̀lú nọ́ńbà irọ́ lórí, bẹ́ẹ̀ ẹ̀wọ̀n wà fún un lọ́hùn-ún o.

Ní 2023 bọ̀ọ̀dá mi ní kí n tẹ̀ lé òun lọ wo Corolla kan, 2009, ó ń dán gbinrin, wọ́n ti fọ ẹ́ńjìnnì, wọ́n ti fín pàfíúmù sínú ẹ̀ débi pé mo sín. 61,000 ló wà lójú ẹ̀. Èmi bẹ̀rẹ̀ ní tèmi, mo fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wo ibi ẹsẹ̀. Rọ́bà orí bíréèkì, gbogbo ilà ara ẹ̀ ti parẹ́, igun ọwọ́ ọ̀tún ti jẹ débi tí irin ti yọjú. Mo gbójú sókè wo sítíà, ibi tí ọwọ́ òsì máa ń dì mú ti yọ̀ bọ̀rọ́ bí òkúta etí odò, etí ìjókòó dírẹ́bà lápá ilẹ̀kùn náà ti wọlé, ibẹ̀ ni ìdí máa ń gbà wọlé gbà jáde. Mo bi ọmọkùnrin tó ń tà á pé irú 61,000 wo ló jẹ rọ́bà kan irin. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn òyìnbó yẹn máa ń tẹ bíréèkì gan-an ni."

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ ṣírò ẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń rin bíi máìlì 12,000 sí 13,000 lọ́dún. Ọkọ̀ ọdún 14 tó rin 61,000, máìlì 12 lóòjọ́ nìyẹn, bíi kìlómítà 19, kò ní gbé e dé Ìdànrè láti Àkúrẹ́ níbí. Ó lè ṣẹlẹ̀ o, wọ́n sì ní ìtàn ẹ̀ nílẹ̀, ìyá àgbà kan tó ń fi lọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday nìkan ló ni ín. Gbogbo ìyá àgbà Amẹ́ríkà ló ti ta ọkọ̀ sí Àkúrẹ́ tán báyìí.

Bọ̀ọ̀dá mi ò gbà, ó ní mo ti fẹ́ ba nǹkan jẹ́. Mo bá ya fọ́tò VIN, nọ́ńbà àti lẹ́tà 17 tó wà ní ìsàlẹ̀ wíńsíkírìn lápá dírẹ́bà (ìkẹwàá nínú ẹ̀ ló ń sọ ọdún, 9 ni 2009, A ni 2010, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọdún kan lé e fún yín). A sanwó díẹ̀, a gba ìtàn ọkọ̀ náà lórí fóònù. Ní 2018, níbi tí wọ́n ti pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ̀, 148,000 ni wọ́n kọ sílẹ̀. Ọkọ̀ tó rin 148,000 ní 2018, báwo ló ṣe wá di 61,000 ní 2023, àbí ẹ̀yìn ló ń fi rìn ni?

Kì í ṣe pé máìlì púpọ̀ burú. Ọkọ̀ tí mò ń gùn lọ́wọ́, 171,000 ni mo bá lójú ẹ̀ nígbà tí mo rà á, wọ́n ń pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ̀ lásìkò, kò tíì já mi kulẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n pa tì ńkọ́? Máìlì ẹ̀ lè kéré lóòótọ́, kí gbogbo rọ́bà inú ẹ́ńjìnnì ti gbẹ, kó máa jo ọ́ìlì.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé màá lọ láàárọ̀ kùtù, màá ní kí wọ́n má tíì sítáàtì ẹ̀. Tí mo bá dé tí bónẹ́ẹ̀tì ti gbóná, wọ́n ti fi nǹkan pamọ́ nìyẹn, torí ìgbà tó bá tutù ni èéfín àti ariwo máa ń jáde. Màá fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé ìdí, tí omi bá ti wọ ọkọ̀ yẹn rí ẹ lè rí ilà ẹrẹ̀ níbẹ̀, ọdún sì wà lára lébẹ́ẹ̀lì bẹ́líìtì náà, tí ọdún yẹn bá wá lẹ́yìn ọdún tí wọ́n ṣe ọkọ̀, wọ́n ti pààrọ̀ bẹ́líìtì nìyẹn, ẹ bi wọ́n ìgbà tó gbá nǹkan. Wọ́n máa fẹ́ kí ẹ kàn gbé e yípo Alágbàká kí ẹ dá a padà. Mi ò kì í gbà. Ọ̀nà Oǹdó ni màá kọrí sí, ó kéré tán ìṣẹ́jú 30, pẹ̀lú AC ní títàn, torí jíà tó fẹ́ bàjẹ́, ìgbà tó bá gbóná dáadáa ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fà.

Bọ̀ọ̀dá mi padà ra òmíràn, 152,000. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mo tún bá ọ̀rẹ́ mi kan dé ibi tí a ti rí Corolla yẹn, ó ṣì wà níbẹ̀, 61,000 náà ló ṣì wà lójú ẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ wo ibi ẹsẹ̀. Wọ́n ti fi rọ́bà bíréèkì tuntun sí i.