Òtútù kọ́ ni kì í jẹ́ kí igbó gbó ní Kánádà

Ìgbàkígbà tí ọ̀rọ̀ igbó tí wọ́n ń mu (cannabis) bá délẹ̀ láàárín àwa tí a wà ní Kánádà, ẹnìkan á ṣáà sọ ọ́: "Ilẹ̀ gbígbóná ló ni ín. Òtútù ò ní jẹ́ kó ṣe dáadáa níbí." Ẹlòmíràn á gbè é lẹ́sẹ̀, á ní oòrùn ibí ò lágbára, pé àfi kéèyàn rí irúgbìn tó ti ilé wá. Láti ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá ọdún 2018 tí òfin ìjọba àpapọ̀ ti fàyè gba igi mẹ́rin nínú ilé kan, ọ̀rọ̀ yìí ti gbilẹ̀ débi pé kò sẹ́ni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Ẹni tó gbà á gbọ́ á bọ́ igi láti oṣù Kárùn-ún títí di oṣù Kẹwàá, igi á ga ju odi lọ, kò ní mú nǹkan kan wá, ó sì di ẹ̀bi òtútù.

Irọ́ ni wọ́n pa mọ́ òtútù.

Igbó kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ gbígbóná rárá. Éṣíà ló ti ṣẹ̀, níbi tí ìgbà òtútù ti ń múni gan-an. Ní ibi ìsìnkú Jirzankal lórí òkè Pamir, tó ga ju 3,000 mítà lọ, wọ́n rí àwọn ìkòkò igi tí wọ́n fi ń jó igbó nígbà ìsìnkú ní nǹkan bí 2,500 ọdún sẹ́yìn. Ní òkè Altai ní Siberia, nínú àwọn ibojì Pazyryk tí yìnyín bò mọ́lẹ̀ tí kò jẹ́ kí ohun inú wọn jẹrà, hóró igbó wà níbẹ̀. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, Rọ́ṣíà ni àwọn ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ti ń ra ọ̀pọ̀ igbó tí wọ́n fi ń hun okùn wọn. Ọba Henry Kẹjọ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tilẹ̀ ṣòfin ní ọdún 1533 pé àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ ya apá kan ilẹ̀ rẹ̀ sọ́tọ̀ fún un tàbí fún ọ̀gbọ̀. Àwa tí à ń pè é ní nǹkan ilẹ̀ gbígbóná, ìtàn tí wọ́n ń sọ nílé ni pé àwọn ọmọ ogun tó ti Burma àti Íńdíà bọ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì wà lára àwọn tó gbé e wọlé. Àlejò ni lọ́dọ̀ wa.

Ẹni tí ìtàn ò bá tó o, kó wakọ̀ gba Saskatchewan tàbí Alberta kọjá lóṣù Keje. Láti ọdún 1998 ni Kánádà ti gba àwọn àgbẹ̀ láyè láti gbin irú tí kì í pani bí ọtí, èyí tí wọ́n ń fi hóró rẹ̀ ṣe òróró àti oúnjẹ. Oko rẹ̀ lọ salalu lórí pápá tí òtútù oṣù Kìíní ti máa ń já wálẹ̀ sí ìwọ̀n ọgbọ̀n sábẹ́ òdo. Igi kan náà ni pẹ̀lú igbó tí ẹ mọ̀. Agbára tó wà nínú òdòdó rẹ̀ ni kò pọ̀. Ọ̀jẹ̀lẹ́ rẹ̀ a sì máa fara da ìrì dídì díẹ̀ tí yóò pa tòmátò lóru ọjọ́ kan.

Ti oòrùn tí wọ́n ní kò lágbára ńkọ́? Ẹni tó bá ti gbé Èkó lóṣù Keje mọ bí ojú ọ̀run ṣe ń rí: ìkùukùu, òjò, ọjọ́ mélòó kan léraléra tí aṣọ ò gbẹ lórí okùn. Lóṣù yẹn kan náà, ní Edmonton ní ìpínlẹ̀ Alberta, ilẹ̀ á mọ́ kí aago márùn-ún òwúrọ̀ tó lù dáadáa, oòrùn ò sì ní wọ̀ títí aago mẹ́sàn-án alẹ́ fi kọjá. Ìmọ́lẹ̀ tí ewé rí gbà lójúmọ́ níbẹ̀ ju ti Èkó lọ nígbà náà. Ọ̀pọ̀ ìmọ́lẹ̀ yìí gan-an ló dá wàhálà sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Igbó kì í yọ òdòdó, èyí tí wọ́n ń kórè, nítorí pé ó ti dàgbà tó. Òru ló ń kà. Bí òru bá ṣì kúrú, á máa yọ ewé, á máa ga, á máa fẹ̀. Ìgbà tí òru bá gùn dé ìwọ̀n kan tó ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ irú rẹ̀ ló tó yí padà sí òdòdó. Ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ ará Faransé kan, Julien Tournois, rí i ní ọdún 1912 pé igbó tí òun fún ní ìmọ́lẹ̀ wákàtí díẹ̀ lójúmọ́ yọ òdòdó nígbà tó ṣì kéré gan-an. Ogun pa á ní ọdún 1914, iṣẹ́ rẹ̀ dúró síbẹ̀. Ọdún 1920 ni Garner àti Allard ní Amẹ́ríkà wá fi tábà àti sóyà fìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀ fún gbogbo ayé. Ní ọdún 1938, Hamner àti Bonner fi ewéko mìíràn hàn pé gígùn òkùnkùn gan-an ni igi ń wò: bí wọ́n bá tan iná sí i fún ìṣẹ́jú díẹ̀ láàárín òru, òru náà ti bàjẹ́ lójú rẹ̀, kò sì ní yọ òdòdó.

Bí èyí bá jọ àlọ́ lójú yín, ẹ wo ọkà bàbà nílé. Àgbẹ̀ kan lè gbìn ín bí òjò bá ṣe bẹ̀rẹ̀, kí aládùúgbò rẹ̀ gbìn ín lẹ́yìn oṣù kan àbọ̀. Ọ̀pọ̀ irú tí àwọn baba wa ń gbìn, ìgbà kan náà ni méjèèjì yóò yọrí, nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀. Gígùn òru ló ń wò. Ẹ sì rántí pé ní Ìbàdàn, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọjọ́ tó gùn jù lọ lọ́dún àti èyí tó kúrú jù kò tó wákàtí kan. Ọkà bàbà mọ̀ ọ́n síbẹ̀.

Ní Toronto, ìyàtọ̀ yẹn lé ní wákàtí mẹ́fà. Lóṣù Kẹfà, ojúmọmọ ibẹ̀ ń lọ sí wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àbọ̀. Ti Edmonton kọjá mẹ́tàdínlógún. Irúgbìn tó ti ilé wá, tí ìran rẹ̀ ò mọ ọjọ́ tó ju wákàtí méjìlá àbọ̀ lọ, á wò ó pé àkókò ò tíì tó. Á máa dúró. Ojúmọmọ Toronto ò ní sún mọ́ wákàtí méjìlá títí ọ̀sẹ̀ kẹta tàbí ìkẹrin oṣù Kẹsàn-án. Ìgbà yẹn ló máa ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ òdòdó. Àwọn irú ilẹ̀ gbígbóná a sì máa lò tó oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí òdòdó wọn tó gbó. Ẹ fi ìka kà á: Kérésìmesì. Láàárín oṣù Kẹwàá, ìrì dídì ti máa ń bọ́ sínú ọgbà ní ẹ̀yìn odi Toronto. Lóòótọ́, òtútù ló pa á gbẹ̀yìn, àmọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbin hóró yẹn ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Iṣápá náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ń gbìn ín níbí. Ewé á pọ̀ bí ìdan, ẹni tó ń retí pupa rẹ̀ láti fi se sóbò á retí títí yìnyín á fi dé.

Ìdí nìyí tí irúgbìn ilé fi jẹ́ irúgbìn tó burú jù lọ téèyàn lè gbìn sí ìta níbí, bó ti wù kó lágbára tó ní ibi tó ti wá. Yàtọ̀ sí pé kò ní gbó, gbígbé e kọjá ẹnubodè Kánádà lẹ́ṣẹ̀ lábẹ́ òfin, ì báà jẹ́ hóró kan ṣoṣo, ì báà sì jẹ́ pé ẹni náà láṣẹ láti gbìn ín sílé. Ní Nàìjíríà àti ní Britain, kò tilẹ̀ sí àyè fún gbígbìn rẹ̀ sílé rárá. Ní Kánádà náà, ìpínlẹ̀ Quebec kọ̀ ọ́, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì ti Quebec lẹ́yìn ní ọdún 2023. Igi mẹ́rin tí òfin wí, ti ilé ni, kì í ṣe ti olúkúlùkù tó ń gbé inú ilé, nítorí náà kí tọkọtaya má lọ gbin mẹ́jọ. Ẹni tó háyà ilé, kó wo ohun tó wà nínú ìwé àdéhùn rẹ̀.

Ó kù síbì kan tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu. Irú tó gbó ní Toronto lè má gbó ní Edmonton, kó má sì jẹ́ pé òtútù Edmonton nìkan ló fà á. Ẹ mú irú kan tó máa ń bẹ̀rẹ̀ òdòdó nígbà tí ojúmọmọ bá já sí wákàtí mẹ́rìnlá, tó sì ń lo ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Toronto á kan wákàtí mẹ́rìnlá láàárín oṣù Kẹjọ, òdòdó á gbó láàárín oṣù Kẹwàá, ìyẹn ní gẹ́rẹ́ tí ìrì dídì bá ń kan ilẹ̀kùn. Edmonton ò ní kan wákàtí mẹ́rìnlá títí di ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹjọ, torí bí ibì kan bá ṣe súnmọ́ àríwá tó ni ojúmọmọ ẹ̀ẹ̀rùn ibẹ̀ ṣe ń gùn tó. Bẹ́ẹ̀, ìrì dídì Edmonton sábà máa ń dé kí oṣù Kẹsàn-án tó parí. Òdòdó bẹ̀rẹ̀ pẹ́, òtútù tètè dé: ìhà méjèèjì ni wọ́n ti fún un mọ́ àárín.

Àwọn kan á wá sọ pé, ó dáa, a ó tètè gbìn ín sínú ilé lóṣù Kẹta kó lè yára gbó. Kò ní yára. Ẹni tó gbìn ín lóṣù Kẹta àti ẹni tó gbìn ín lóṣù Kárùn-ún, bó bá jẹ́ irú kan náà, ọ̀sẹ̀ kan náà ni wọn yóò rí òdòdó. Ti oṣù Kẹta á kàn tóbi jù ni. Ewu tún wà ńbẹ̀. Igi tó ti ń gbádùn iná wákàtí méjìdínlógún nínú ilé, tí wọ́n gbé síta ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kárùn-ún nígbà tí ojúmọmọ Toronto ò ju nǹkan bí wákàtí mẹ́rìnlá lọ, á rò pé ìgbà ìkórè ti dé. Á yọ òdòdó. Nígbà tí ọjọ́ bá tún gùn sí i, á yí padà, á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ewé wúruwùru, oṣù kan á ti lọ lásán. Àwọn ológbà ibí kì í gbé nǹkan síta kó tó di ìsinmi Victoria lóṣù Kárùn-ún nítorí ìrì dídì. Fún igbó, gígùn ọjọ́ tún fi kún ìdí tó fi yẹ kéèyàn dúró.

Ohun tó ń ba ìkórè jẹ́ jù láàárín àwọn tó mú irú tó yẹ, mo fẹ́ sọ pé òjò àti ìrì lásán ni, kì í ṣe ìrì dídì. Oṣù Kẹsàn-án sí ìkẹwàá, òru ti tutù, ilẹ̀ ń lọ́rinrin, òdòdó ti ki débi pé atẹ́gùn ò lè gba inú rẹ̀ kọjá. Olú eléérú kan tó ń jẹ́ Botrytis, èyí tó máa ń bo èso sitirọ́bẹ́rì, á wọ inú rẹ̀. Láti ìta, òdòdó á ṣì dára lójú. Ewé kékeré kan ní àárín rẹ̀ á kàn rọ. Bí ẹ bá là á, inú ti di dúdú, ó ti bu. Ẹ gé e kọjá ibi tó ti bu, kí ẹ sì jù ú nù. Kò sí gbígbẹ tó lè sọ ọ́ di ohun téèyàn lè fà sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tó bá fi àyè sáàárín àwọn igi rẹ̀, tó sì gbìn wọ́n síbi tí oòrùn àárọ̀ ti ń tètè gbẹ ìrì, á rí ìyàtọ̀. 

Kí wá ni kéèyàn ṣe? Irú kan wà tí kì í ka òru. Onímọ̀ ará Rọ́ṣíà kan, Janischewsky, ló kọ́kọ́ fún un lórúkọ, ruderalis, ní ọdún 1924. Igi kúkúrú, aláìlágbára, tó ń hù fúnra rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà níbi tí ẹ̀ẹ̀rùn ti kúrú. Ọjọ́ orí rẹ̀ ló ń wò: ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tó bá hù, òdòdó dé, bí ojúmọmọ ì báà jẹ́ ogún wákàtí. Àwọn tó ń ta irúgbìn ti fi ìwà yìí kọjá sínú àwọn irú tó lágbára. "Autoflower" ni wọ́n ń kọ sára páálí rẹ̀. Láti hóró dé ìkórè, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá sí méjìlá. Èyí tí ẹ gbìn sí Edmonton ní ìparí oṣù Kárùn-ún á ti wọlé lóṣù Kẹjọ, kí òjò ìgbà ìwọ́wé tó bẹ̀rẹ̀. FINOLA, irú igbó kan tí wọ́n ṣe ní Finland ní àwọn ọdún 1990, tí àwọn àgbẹ̀ Kánádà náà ń gbìn fún hóró, tètè ń gbó lọ́nà kan náà, láti ara irúgbìn tó ti Rọ́ṣíà wá. Àwọn kan ń sọ pé irú yìí kì í so púpọ̀. Òótọ́ ni, tá a bá fi wé igi ńlá tó gbó. Ẹ má fi wé igi ńlá tí kò gbó.

Ọ̀nà kejì ni kéèyàn fi aṣọ dúdú tó nípọn bo igi láti ìrọ̀lẹ́ dé òwúrọ̀, kí òru rẹ̀ lè tó wákàtí méjìlá láti oṣù Keje. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ó sì ń gba sùúrù, torí ojoojúmọ́ ni, ó máa ń tó oṣù méjì, ìjáfara ò sì sí níbẹ̀.

Bó bá wá jẹ́ pé irú tó yẹ lẹ gbìn, tí oṣù Kẹjọ parí tí ẹ ò rí òdòdó rárá, ẹ jáde síta ní aago méjì òru kí ẹ wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá. Iná òpópónà, iná ẹ̀yìnkùlé aládùúgbò, iná tó ń tàn fúnra rẹ̀ bí ológbò bá kọjá: bí ó bá mọ́lẹ̀ tó láti fi ka ìwé, ó ti pọ̀ jù fún un. Ẹ lè fi pákó tàbí tapólì dí ẹ̀gbẹ́ tí iná náà ń gbà wọlé, tàbí kí ẹ gbìn ín sí ìhà kejì ilé lọ́dún tó ń bọ̀.